Ibi Tí Wọ́n To Ìwé Wa Sí

James Weldon Johnson, akéwì adúláwọ̀ ọmọ Amẹ́ríkà, kò fi ewì rẹ̀ ṣàlàyé bí àwọn èèyàn ṣe ń ṣí kúrò nílùú wọn lọ tẹ ibòmíràn dó. Síbẹ̀, ní nǹkan bí ọdún 1930, bí èèyàn bá wọ ọ̀pọ̀ ilé-ìkàwé àwọn òyìnbó ní Amẹ́ríkà, tó lọ síbi tí wọ́n to ewì sí, ó lè wá ìwé Johnson títí kó má rí i. Nọ́mbà 811 ni ti ewì Amẹ́ríkà. Ìwé tirẹ̀ wà ní 325, láàárín ìwé tó dá lórí ìṣílọ àti ìmúnisìn. Bí kò bá sì sí ní 325, kí olúwarẹ̀ yẹ 326 wò. Ibẹ̀ ni ti oko ẹrú. Ohun tó gbé ewì débẹ̀ kò ju pé adúláwọ̀ ló kọ ọ́.

Àwa òǹkàwé máa ń rò pé ìgbà tí a bá ṣí èèpo ìwé ni kíkà bẹ̀rẹ̀. Rárá o. Ẹnì kan ti kà á ṣáájú wa. Ẹni náà ti wo àkọlé, ó ti yẹ àtòjọ orí ìwé wò, ó ti ka ọ̀rọ̀ ìṣáájú, bóyá ó sì ti fojú sáré àwọn ojú ewé díẹ̀, kó tó sọ pé ohun báyìí ni ìwé yìí dá lé. Ìpinnu yẹn ló ń sọ ẹni tí yóò pàdé ìwé náà àti ẹni tí kò ní pàdé rẹ̀ láéláé. Ní ìlú tí onírúurú ẹ̀yà jọ ń gbé, tí àwọ̀ ara, èdè àti ẹ̀sìn ti pín àwọn èèyàn sí àdúgbò àdúgbò, irú ìpinnu bẹ́ẹ̀ lágbára ju bí a ṣe rò lọ. Ẹni tó bá fẹ́ kàwé nípa ẹ̀yà kan, kó kọ́kọ́ béèrè ẹni tó to ìwé ẹ̀yà náà, àti ibi tó tò ó sí.

Bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ rèé. Bí ìwé tuntun bá dé ilé-ìkàwé, òṣìṣẹ́ tó ń to ìwé yóò ṣe ohun méjì fún un. Yóò fún un ní àkọlé-ọ̀rọ̀, ìyẹn gbólóhùn ṣókí tí a fi ń wá a nínú káàdì láyé àtijọ́, tí a sì fi ń wá a lórí kọ̀ǹpútà lóde òní. Ìwé kan lè ní àkọlé-ọ̀rọ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kò sí wàhálà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló kan nọ́mbà tí wọ́n máa lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ìwé, ibẹ̀ sì ni ìnira wà, torí pé ìwé kan kò lè jókòó síbi méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ìwé tó sọ nípa oúnjẹ àwọn Júù ní New York, ṣé ti oúnjẹ ni, àbí ti àwọn Júù, àbí ti New York? Òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ mú ọ̀kan. Bó bá ti mú un tán, àwọn ilé-ìkàwé yòókù á dà á kọ, nítorí díẹ̀ ni ilé-ìkàwé tó ń fúnra rẹ̀ yẹ gbogbo ìwé tó wọlé wò láti ìbẹ̀rẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù ń gba ohun tí Library of Congress ní Washington ti ṣe sílẹ̀, tàbí ohun tó wà nínú àkójọ ńlá OCLC ní ìpínlẹ̀ Ohio. Ohun tí ẹnì kan pinnu lórí tábìlì rẹ̀ ní Washington lè di ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ máa bá lórí pẹpẹ ní Èkó, ní Kingston, ní Nairobi. Àṣìṣe kan á di ẹgbẹ̀rún láìsí pé ẹnikẹ́ni tún un rò.

Melvil Dewey ló gbé ètò nọ́mbà tí a mọ̀ jù jáde, ní ọdún 1876. Ó pín gbogbo ìmọ̀ sọ́nà mẹ́wàá: 000 fún ohun gbogboogbò, 100 fún ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ èrò, 200 fún ẹ̀sìn, 300 fún àwùjọ, 400 fún èdè, 500 fún sáyẹ́ǹsì, 600 fún ìmọ̀ ẹ̀rọ àti iṣẹ́ ọwọ́, 700 fún iṣẹ́ ọnà, 800 fún lítíréṣọ̀, 900 fún ìtàn àti ilẹ̀ ayé. Ọ̀kọ̀ọ̀kan tún pín sí mẹ́wàá, ìyẹn náà tún pín sí mẹ́wàá, lẹ́yìn náà ni ààmì ìdá á wọlé, tí nọ́mbà á sì máa gùn lọ. Ọgbọ́n ńlá ni, mi ò ní bú u. Ọmọ tó bá ti mọ òǹkà lè lò ó láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àmọ́ ẹni tó ń pín nǹkan sọ́nà mẹ́wàá péré, ará ilé rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ pín fún, ohun tó bá ṣẹ́ kù ni àwọn àlejò á jọ máa jà sí. Dewey fúnra rẹ̀ kì í sì í ṣe ẹni tó fẹ́ràn àlejò. Ẹgbẹ́ ìgbafẹ́ tó dá sílẹ̀ ní Lake Placid kò gba Júù, kò sì gba adúláwọ̀. Lọ́dún 1905, àwọn aṣáájú Júù fẹ̀sùn kàn án, kò sì pẹ́ tó fi kúrò nípò olórí ilé-ìkàwé ìpínlẹ̀ New York. Ní 2019, ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ ilé-ìkàwé Amẹ́ríkà yọ orúkọ rẹ̀ kúrò lára àmì-ẹ̀yẹ tí wọ́n fi sọrí rẹ̀, nítorí ẹ̀tanú yìí àti nítorí bó ṣe ń fi ìwàkiwà yọ àwọn obìnrin lẹ́nu.

Ẹni tó kojú ètò yìí, tí mo sì rò pé ó yẹ kí orúkọ rẹ̀ gbajúmọ̀ láàárín wa ju bó ṣe wà lọ, ni Dorothy Porter. Wọ́n bí i ní Warrenton ní ìpínlẹ̀ Virginia lọ́dún 1905, ó dàgbà ní New Jersey. Ní 1930, Howard University ní Washington, yunifásítì tí wọ́n dá sílẹ̀ lẹ́yìn òmìnira àwọn ẹrú, fa àkójọ ìwé kan lé e lọ́wọ́. Ìwé bíi 3,000 tí oníwàásù kan tó ń jẹ́ Jesse Moorland fún yunifásítì náà ní 1914 ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. Ní 1932, Porter di adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tó gboyè ìmọ̀ ilé-ìkàwé ní Columbia University. Wọ́n fún un níṣẹ́, wọn ò fún un lówó tí yóò fi ra ìwé. Nítorí náà, ó fi lẹ́tà ṣagbe. Ó kọ̀wé sí àwọn òǹtẹ̀wé pé kí wọ́n bun òun ní ìwé, ó sì sọ àwọn tó ń ta ìwé àtijọ́ dọ̀rẹ́ kí wọ́n lè máa fi ohun tó bá ṣọ̀wọ́n pa mọ́ dè é.

Ìwé ń wọlé, ṣùgbọ́n níbo ni kó tò ó sí? Ó kàn sí àwọn ilé-ìkàwé mìíràn kó lè mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, Dewey náà ni gbogbo wọn ń lò: 325, 326. Ìwé ìwòsàn tí dókítà adúláwọ̀ kọ, 326. Ìtàn-àròsọ tí ọmọ ẹrú kọ, 326. Nígbà tó darúgbó, tí wọ́n fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò, Porter kò fi ẹ̀sọ̀ sọ ọ̀rọ̀ náà: ó ní ohun òmùgọ̀ ni lójú òun. Ó yáa ta nọ́mbà méjèèjì nù gẹ́gẹ́ bí ilé fún gbogbo adúláwọ̀. Ewì lọ sọ́dọ̀ ewì, orin sọ́dọ̀ orin, ìmọ̀ ìṣègùn sọ́dọ̀ ìmọ̀ ìṣègùn, ìwé ọrọ̀ ajé, ti eré ìdárayá, ti ìṣèlú, kálukú sáyè rẹ̀. Oko ẹrú náà ní àyè tirẹ̀, nítorí ìtàn ni, ṣùgbọ́n kò tún jẹ́ orúkọ tí gbogbo ohun tí adúláwọ̀ bá ṣe gbọ́dọ̀ jẹ́ mọ́. Ẹni tó bá rìn yíká àwọn pẹpẹ Howard nígbà náà á fojú ara rẹ̀ rí i pé kò sí ẹ̀ka ìmọ̀ tí adúláwọ̀ kò ti lọ́wọ́ sí. Kò tíì ka ojú ewé kan, ó ti kẹ́kọ̀ọ́.

Ìdààmú mìíràn wà nínú iṣẹ́ náà tí àwọn tó ń yin Porter kì í sábà mẹ́nu bà. Ojú ewé àkọ́kọ́ ìwé kì í sọ àwọ̀ ara ẹni tó kọ ọ́. Kí ìwé tó lè wọ àkójọ àwọn adúláwọ̀, ẹnì kan gbọ́dọ̀ wádìí bóyá adúláwọ̀ ni òǹkọ̀wé náà lóòótọ́: kó wo àwòrán rẹ̀, kó ka ìwé ìròyìn àtijọ́, kó béèrè lọ́wọ́ àwọn ìbátan rẹ̀. Nínú ìwádìí bẹ́ẹ̀ ni Porter ti tẹ àtòjọ rẹ̀ tó lókìkí jáde ní 1945 nípa àwọn akéwì adúláwọ̀ Amẹ́ríkà ti Àríwá láti 1760 títí dé 1944. Lọ́dún 1946, Howard ra àkójọ Arthur Spingarn, agbẹjọ́rò òyìnbó tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kó ìwé àwọn òǹkọ̀wé adúláwọ̀ jọ ní onírúurú èdè. Ìgbà yẹn ni ìwé láti Kúbà, Haiti àti Bùràsílì wá pọ̀ lọ́dọ̀ Porter, tó fi jẹ́ pé ní 1978, lẹ́yìn tó ti fẹ̀yìn tì, ó gbé odindi àtòjọ kan jáde nípa ìwé àwọn adúláwọ̀ Bùràsílì.

Ẹlòmíràn lè bi mí pé: ṣé kì í ṣe ohun tí obìnrin yìí ń bá Dewey jà lé lórí ni òun náà ṣe? Dewey kó ìwé adúláwọ̀ sójú kan, Porter náà kó o sójú kan. Ìbéèrè tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ni. Títí dòní, òǹkọ̀wé adúláwọ̀ mìíràn ní Amẹ́ríkà máa ń fapá jánú pé ìwé ìfẹ́ lásán lòun kọ, àmọ́ ilé-ìtàwé lọ gbé e sí igun àwọn adúláwọ̀, níbi tí ẹni tó ń wá ìwé ìfẹ́ kò ní dé. Lójú tèmi, ìyàtọ̀ wà. Porter kọ́ odindi ilé, ó sì la yàrá gbogbo sínú rẹ̀. Ohun tí Dewey ṣe ni pé ó la yàrá kan fún gbogbo ìdílé. Ẹni tó wọ ilé Porter á bá dókítà, akọrin, mọlémọlé àti amòfin níbẹ̀. Ẹni tó wọ yàrá Dewey, ẹrú nìkan ló máa rò pé òun bá.

Kì í ṣe Porter nìkan ló ṣiṣẹ́ yìí. Ní Harlem, àdúgbò àwọn adúláwọ̀ ní New York, nílé-ìkàwé òpópónà 135, wọ́n ṣí ẹ̀ka ìwé, ìtàn àti àwòrán àwọn adúláwọ̀ ní 1925. Ní 1926, Carnegie Corporation fi $10,000 ra àkójọ Arturo Schomburg fún wọn: ìwé tó lé ní 5,000, pẹ̀lú àwọn ìwé àfọwọ́kọ àti àwòrán. Wọ́n bí Schomburg ní Santurce, ní Puerto Rico, lọ́dún 1874. Ìtàn tí wọ́n máa ń sọ nípa rẹ̀ ni pé olùkọ́ kan sọ fún un ní kékeré pé adúláwọ̀ kò ní ìtàn, kò sì ní akọni. Ilé-ìfowópamọ́ ló ti ń ṣiṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́, ìwé ló ń fi owó rẹ̀ rà. Nígbà tí owó Carnegie dé, Sípéènì ló gbọ̀nà lọ, ó lọ ń wá ipa Juan de Pareja, ayàwòrán tó ti jẹ́ ẹrú fún Velázquez, ayàwòrán olókìkí ará Sípéènì.

Ilé kan náà ni Augusta Baker ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láàárín àwọn ọmọdé ní 1937. Ohun tó bá lórí pẹpẹ bí i nínú: ìwé ọmọdé tó yàwòrán adúláwọ̀ bí ẹni ìfiṣẹ̀sín, tó sì ń fi èdè tí kò délẹ̀ sí wọn lẹ́nu. Ní 1939, ó dá àkójọ tuntun sílẹ̀ fún àwọn ọmọ Harlem. Orúkọ ta ni wọ́n fi pè é? James Weldon Johnson, akéwì tí wọ́n ti jù sí 325, tó ti ṣaláìsí lọ́dún kan ṣáájú.

Nọ́mbà nìyẹn. Àkọlé-ọ̀rọ̀ náà ní ìjà tirẹ̀, ìjà náà kò sì tíì parí. Sanford Berman, òyìnbó Amẹ́ríkà kan, ń ṣiṣẹ́ nílé-ìkàwé yunifásítì ní Zambia nígbà tí àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ta á lólobó pé èébú ni ọ̀kan nínú àkọlé tó ti Washington wá. Kafirs ni àkọlé náà, orúkọ tí àwọn amúnisìn fi ń pe àwọn aláwọ̀ dúdú ní gúúsù Áfíríkà. Berman lọ tú gbogbo àtòjọ náà wò, ó sì tẹ ìwé jáde ní 1971 tó fi tú àwọn àkọlé bẹ́ẹ̀ síta ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: ibi tí wọ́n ti sọ àwọn Júù di "ọ̀ràn", ibi tí wọ́n ti sọ àwọn ará Éṣíà di "ewu". Inú bí àwọn ọ̀gá kan sí i. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú ohun tó béèrè fún ni Library of Congress padà ṣe, díẹ̀díẹ̀, láàárín ọ̀pọ̀ ọdún. Àkọlé Negroes lọ nígbà tí ọdún 1970 àti díẹ̀ ń lọ lọ́wọ́, Afro-Americans rọ́pò rẹ̀ fún ti Amẹ́ríkà, ó tún di African Americans ní 2000.

Èyí tó sún mọ́ wa jù nínú ìjà náà ni ti àkọlé Illegal aliens, ìyẹn "àwọn àjèjì aláìbófinmu". Ní 2014, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Dartmouth College, tí àwọn kan nínú wọn jẹ́ ọmọ àwọn tó ṣí wọ Amẹ́ríkà láìní ìwé, bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè pé kí wọ́n yọ ọ́. Library of Congress gbà ní 2016. Làwọn aṣòfin kan bá dìde pé àwọn ò gbà. Ẹ wò ó bí ọ̀rọ̀ ṣe tóbi tó: àkọlé tí òṣìṣẹ́ ilé-ìkàwé fi ń wá ìwé, ó di ohun tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ń jà lé. Oṣù kọkànlá 2021 ni wọ́n tó yí i padà, tí àwọn èèyàn náà di "àwọn tí kì í ṣe ọmọ orílẹ̀-èdè". Àwọn ilé-ìkàwé mìíràn kò tilẹ̀ dúró dè wọ́n, wọ́n ti yí tiwọn ṣáájú. Ẹni tó bá ní ọmọ tàbí àbúrò tó ti lo ọdún mélòó kan ní London tàbí Houston láìní ìwé ìgbélùú mọ̀ pé orúkọ tí wọ́n ń peni kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀.

Níbo wá ni àwa Yorùbá wà lórí pẹpẹ Dewey? Ẹ̀yìn ni. Nínú 400, tí í ṣe ti èdè, Gẹ̀ẹ́sì gba 420, Jámánì gba 430, Faransé 440, ti Ítálì 450, ti Sípéènì 460, Látìnì 470, Gíríìkì 480. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú èdè yòókù láyé ló jọ há mọ́ra ní 490, Ṣáínà, Lárúbáwá, Hausa, gbogbo wọn. Tiwa ni 496.333. Nínú lítíréṣọ̀, ìtò náà kò yàtọ̀: 896.333. Nínú ẹ̀sìn, Bíbélì àti ẹ̀sìn Kristẹni ló gba èyí tó pọ̀ jù láti 220 dé 289, àwọn ẹ̀sìn yòókù sì jọ pín 290. Ìmàle wà ní 297. Ìṣẹ̀ṣe Yorùbá wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún, ní 299.68333. Nínú nọ́mbà bẹ́ẹ̀, 290 túmọ̀ sí "àwọn ẹ̀sìn mìíràn", 299 sì túmọ̀ sí "èyí tí a kò tíì dárúkọ nínú àwọn mìíràn náà".

Ìyapa mìíràn tún wà níbẹ̀. Òrìṣà tí àwọn èèyàn wa kó ré kọjá òkun kò bá ti ilé gbé inú nọ́mbà kan. Candomblé ti Bùràsílì àti Santería ti Kúbà wà lábẹ́ 299.67, níbi tí wọ́n kó àwọn ẹ̀sìn tó gbilẹ̀ láàárín adúláwọ̀ òkè òkun sí. Ṣàngó Ọ̀yọ́ ń bẹ ní 299.68333, Ṣàngó Bahia ní nọ́mbà mìíràn. Ẹni tó bá ń kàwé nípa ọ̀kan tí kò rìn síwájú tàbí sẹ́yìn díẹ̀ lórí pẹpẹ kò ní mọ̀ pé ìkejì wà.

Ti lítíréṣọ̀ ló tún pa mí lẹ́rìn-ín jù. Ìlànà Dewey ni pé èdè tí a fi kọ ìwé ló ń sọ àyè rẹ̀. Nítorí náà, Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí Fágúnwà tẹ̀ jáde ní 1938 wà ní 896.333. Nígbà tí Ṣóyínká túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì ní 1968, ìtumọ̀ náà tẹ̀lé bàbá rẹ̀ lọ sí 896.333. Ṣùgbọ́n àwọn eré onítàn tí Ṣóyínká fúnra rẹ̀ fi Gẹ̀ẹ́sì kọ wà ní 822, níbi tí Shakespeare wà. Ìwé Tutùọlá nípa ọ̀mu ẹmu, tí kò sí òyìnbó kankan nínú ìrònú rẹ̀, wà ní 823 láàárín àwọn ìtàn-àròsọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Mi ò ní ìlànà náà burú. Ó kéré tán, kò wo àwọ̀ ara ẹnikẹ́ni, èyí sì sàn ju ti 326 lọ. Ohun tí mò ń sọ ni pé ẹni tó fẹ́ mọ èrò ọkàn Yorùbá láti inú ìwé ní láti rìn dé pẹpẹ mẹ́rin, márùn-ún, bí ẹnikẹ́ni kò bá sì sọ fún un, ọ̀kan péré ló máa dé.

Kò sí ìdí tí ìtò Dewey fi gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo láyé. Àwọn babaláwo wa ti ní tiwọn látayébáyé: ojú odù 16, tí àmúlù wọn sọ gbogbo rẹ̀ di 256. Gbogbo ẹsẹ Ifá ló ní odù tó wà lábẹ́ rẹ̀, babaláwo á wà lórí ẹní rẹ̀, á mú ẹsẹ tó bá ọ̀rọ̀ mu jáde láìsí káàdì, láìsí kọ̀ǹpútà. Kì í ṣe kókó ọ̀rọ̀ ló fi to ẹsẹ. Ọ̀rọ̀ ọmọ, ọ̀rọ̀ owó àti ọ̀rọ̀ ikú lè wà nínú odù kan ṣoṣo. Ètò tó yàtọ̀ pátápátá sí ti òyìnbó ni, ó sì ń ṣiṣẹ́.

Àwọn ẹ̀yà mìíràn ti gbé tiwọn wọ inú ilé-ìkàwé gan-an. Ní Kánádà, Brian Deer, ọmọ Mohawk láti Kahnawake, ṣe ètò ìtòwé tuntun láàárín ọdún 1970 sí 1979 fún ẹgbẹ́ àwọn ọmọ onílẹ̀. Nínú ètò Library of Congress, abẹ́ ìtàn Amẹ́ríkà ni gbogbo ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ onílẹ̀ wà, bí ẹni pé wọ́n ti kọjá lọ, tí wọn ò sí láyé mọ́. Deer to àwọn orílẹ̀ náà gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe bá ara wọn ṣe aládùúgbò lórí ilẹ̀. Ilé-ìkàwé Xwi7xwa ní University of British Columbia ṣì ń lo ẹ̀yà kan lára ètò yìí. Ní New Zealand náà, àwọn Māori ní àkọlé-ọ̀rọ̀ tiwọn, lédè wọn, tí ilé-ìkàwé àpapọ̀ ń lò. Kò sí èyí tó bọ́ láti ọ̀run nínú ìwọ̀nyí. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé-ìkàwé jókòó, wọ́n wo bí àwọn ẹ̀yà náà ṣe ń pín nǹkan sọ́nà, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀.

Àwa ń kọ́? Àǹfààní kan wà nínú Dewey fúnra rẹ̀ tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Ìlànà rẹ̀ gba ilé-ìkàwé láàyè láti gbé èdè tàbí lítíréṣọ̀ tó bá jẹ́ ti àdúgbò wá síwájú, kó fún un ní 410 tàbí 810, tàbí kó fi lẹ́tà kan dá a mọ̀ kó lè ṣáájú ti òyìnbó. Láti 2012, ìtò mìíràn tún wà fún 200 tí kò fi ẹ̀sìn Kristẹni ṣíwájú gbogbo ẹ̀sìn. Ilé-ìkàwé tó bá wà ní Abẹ́òkúta, ní Òṣogbo tàbí ní Àkúrẹ́ lè fi ìwé Yorùbá sí iwájú pátápátá láìrú òfin kankan. Iṣẹ́ wà níbẹ̀, nítorí wọ́n á tún nọ́mbà lẹ̀, wọn ò sì ní lè da ti Washington kọ lásán mọ́. Ìdí tí wọn kì í fi í ṣe é nìyẹn. Mo mọ̀ pé owó kò sí, mo mọ̀ pé iná kì í dúró, ṣùgbọ́n ilé-ìkàwé kékeré tó ní igba ìwé Yorùbá lè ṣe é ní ọjọ́ mélòó kan.

Dorothy Porter pàápàá wá sọ́dọ̀ wa rí. Láti 1962 dé 1964, owó Ford Foundation ló gbé e wá sí Èkó gẹ́gẹ́ bí olùdámọ̀ràn fún National Library tí Nàìjíríà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dá sílẹ̀. Ilé-ìkàwé náà ṣílẹ̀kùn ní 1964. Òfin 1970 tó wà lórí rẹ̀ sọ pé gbogbo òǹtẹ̀wé ní Nàìjíríà gbọ́dọ̀ fi ẹ̀dà mẹ́ta ìwé tó bá tẹ̀ jáde ránṣẹ́ sí i láàárín oṣù kan. Bó bá jẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ ló tẹ̀ ẹ́, ẹ̀dà mẹ́wàá ni; bó bá jẹ́ ìjọba àpapọ̀, mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni. Inú ìwé tí wọ́n bá gbà ni wọ́n ti ń ṣe àtòjọ ìwé orílẹ̀-èdè wa, ibẹ̀ sì ni ọmọ Nàìjíríà ti ń kọ́kọ́ pinnu ohun tí ìwé dá lé, kí Washington tó bá wa pinnu rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìwé Yorùbá tí wọ́n ń tà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ní ibi ìsìnkú àti níbi ìwúyè kì í dé ibẹ̀. Ìtàn ìlú, oríkì ìdílé, ewì àwọn akéwì àdúgbò, wọ́n á tẹ̀ ẹ́, wọ́n á pín in tán, ó parí. Ìwé tí kò dé ilé-ìkàwé kò ní nọ́mbà rárá, kò tilẹ̀ ní 326.

Ìwọ tó ń tẹ ìwé ìtàn ìlú rẹ lọ́wọ́, yọ ẹ̀dà mẹ́ta sọ́tọ̀ kí o tó pín ìyókù, kí o fi ránṣẹ́ sí ẹ̀ka National Library tó bá wà ní ìpínlẹ̀ rẹ. Bí o bá sì wọ ilé-ìkàwé àdúgbò rẹ lọ́sẹ̀ yìí, béèrè lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ibẹ̀ pé níbo ni wọ́n to ìwé Yorùbá sí, àti pé ta ló ní kí wọ́n tò ó síbẹ̀.